Igi Wọ́rọ́kọ́ Ha Jẹ́ Igi Àsọnù Bí?

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé igi wọ́rọ́kọ́ ni í da iná rú. Láti ìgbà èwe ni a ti ń gbọ́ òwe yìí, púpọ̀ nínú àwa olùkọ́ sì ti fi bá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wí. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùkàwé, ẹ kíyè sí i pé kò sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí igi náà. Ó sọ àléébù rẹ̀ fún wa. Kò pàṣẹ pé kí a jù ú sí ààtàn. Àwa tìkára wa ni a fi ìdájọ́ yẹn kún un. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a rò ó wò: igi wọ́rọ́kọ́ ha jẹ́ igi àsọnù bí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ó ti í da iná rú. Orí ààrò mẹ́ta ni ìkòkò í jókòó. Igi títọ́ a wọ àárín wọn tààrà, bí orí rẹ̀ bá sì ti ń jó, a ó máa tì í síwájú díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tẹ̀ kò lè wọlé tán. Bí a bá tì í, a yí. Bí ó bá yí, a gbé àwọn ìyókù dìde, a tú ẹyin iná ká, nígbà mìíràn a sì ti ìkòkò ṣubú. Kì í ṣe pé kò lè jó. Bí ó bá jẹ́ igi àyìn, yóò gbóná ju arère títọ́ lọ, ẹyin iná rẹ̀ yóò sì pẹ́ kí ó tó kú. Ibi tí a fi í sí ni kò bá a mu.

Ìyá mi mọ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìwé. Igi títọ́ ni ó ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, lórí òkúta, kí ikán má baà jẹ ẹ́ láti ilẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀, èyí tí ó ní kókó, àti gbòǹgbò tí àáké kò ràn, a kó wọn sí igun tiwọn, kò sì jẹ́ tò wọ́n mọ́ títọ́, kí gbogbo rẹ̀ má baà wó. Ọjọ́ tí a bá ń se ẹyìn fún epo, tí a gbé ìkòkò ńlá ka orí ààrò gbàràmù ní ẹ̀yìnkùlé, ni ọjọ́ tiwọn. Igi wẹ́wẹ́, èèpo igi, èyí tí gbẹ́nàgbẹ́nà fá dànù, àti ògùṣọ̀, inú agbọ̀n ògbólógbòó ni wọ́n ń gbé lórí àjà, níbi tí ooru ààrò ti ń yan wọ́n gbẹ. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ó yọ pákó tí a kùn ní ọ̀dà kúrò, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pa ni lára.

Ní àkókò òjò kan, mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé fún ìsinmi, mo sì fẹ́ fi hàn pé mo ti kọ́ ìmọ́tótó. Mo da agbọ̀n náà àti gbogbo ohun tí ó wà ní igun sí ààtàn, mo sì sun ún. Ní alẹ́, òjò rọ̀ títí igi ẹ̀gbẹ́ ògiri fi rin gbingbin. Ibà mú àbúrò mi, ó ń béèrè ẹ̀kọ gbígbóná, a kò sì rí ohun tí a lè fi dá iná. Ìyá mi wo ojú mi, ó ní, “Ọmọ mi, igi títọ́ ló pọ̀ lọ jàra níta yẹn. Sọ fún un kí ó jó.” Lẹ́yìn náà ni ó wọ inú òjò lọ sí ilé aládùúgbò láti tọrọ igi wẹ́wẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé, ǹjẹ́ kí a máa pa ohun gbogbo mọ́ ni? Rárá o. Òkìtì tí a kì í yẹ̀ wò a di ilé àkeekèé àti ejò. Igi tí ó ti jẹrà, èéfín ni yóò rú. Agbọ̀n tí ó sún mọ́ ọwọ́ iná jù lè jó ilé. Ìtọ́jú yàtọ̀ sí ìkójọ. Ẹni tí ń tọ́jú mọ ohun tí olúkúlùkù wà fún, a máa lò ó, a sì máa fún aládùúgbò nínú rẹ̀. Ohun tí a pa mọ́ tí a kò lò láéláé, a ti sọ ọ́ nù náà ni.

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nípa igi, síbẹ̀ mo gbàgbé rẹ̀ nípa ènìyàn. Nígbà tí mo di olùkọ́, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, tí í sì í kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí wàhálà. Mo pa òwe igi wọ́rọ́kọ́ fún bàbá rẹ̀, ó sì mú un kúrò. Ọwọ́ ọmọ náà mọ iṣẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. N kò fi í sí ìdí iṣẹ́ kankan rí. Igi wẹ́wẹ́ tí mo sun, aládùúgbò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ta ni n ó tọrọ ọmọ yìí lọ́wọ́ rẹ̀?

N kò wí pé kí a jẹ́ kí iná gbogbo ilé dàrú nítorí igi kan. Àwọn ọmọ yòókù ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ wọn. Ohun tí mo ń wí ni pé, kí a tó sọ pé igi kò wúlò, kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá a ti wá ààrò tí ó gbà á. Ẹni tí ó ki igi wọ́rọ́kọ́ bọ ààrò kékeré, tí iná sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó bá ọwọ́ ara rẹ̀ wí kí ó tó bá igi wí.