Ìsinmi Ta Ni À Ń Pa Mọ́?



Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀: rest, èyí tí àwa ń pè ní ìsinmi. Àwọn tí ó wádìí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ méjì ni ó pàdé nínú ohùn kan. Èkínní jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ìbátan rẹ̀ ní èdè àwọn Goth, rasta, jẹ́ orúkọ ìwọ̀n ọ̀nà, bí ibi tí arìnrìn-àjò ń rìn dé kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Èkejì ti inú èdè Látìnì wá nípasẹ̀ èdè Faransé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìyókù.

Ní èdè tiwa, bí a bá wí pé sinmi, etí wa ń gbọ́ mí nínú rẹ̀, bí ẹni pé ẹni tí ó sinmi ni ẹni tí ó ráyè mí. Èdè Hébérù kò jìnnà sí èyí. Ọ̀rọ̀ Sábáàtì túmọ̀ sí dídáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n nínú Ẹ́kísódù orí 23, ẹsẹ 12, nígbà tí òfin kan ọmọ ẹrúbìnrin àti àlejò, ọ̀rọ̀ mìíràn ni a lò, tí ó bá ọ̀rọ̀ wọn fún èémí àti ọkàn tan: kí àwọn náà lè mí kanlẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí ó ṣáájú nínú ìtumọ̀ Bíbélì wa, kò lè ṣàì mọ ìwúwo òfin yìí, nítorí a kó òun pàápàá lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821.

Ní Ìyànà Ìbà, níbi tí ọ̀nà Ìbà ti yà kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ọjà kì í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, a ó múra, a ó sì gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ilé Ọlọ́run. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí a mú wá láti òkèèrè yóò sì ru ọjà wa láàrin àwọn ọkọ̀. Bí a bá bi wá, a ó ní yóò sinmi nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Ìyókù ni a fi fún un, iṣẹ́ ilé kì í sì í tán.

A kò sọ pé kí gbogbo ọjà tì. Ẹni tí kò bá tà ní òwúrọ̀ tí kò ní rí oúnjẹ alẹ́, Ọlọ́run mọ ọkàn rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé ìsinmi tí a gbé ka ọrùn ẹlòmíràn kì í ṣe ìsinmi. Nítorí náà, kí olúkúlùkù wa tó kúnlẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, kí ó wo inú ilé rẹ̀, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé: Ta ni kò tí ì mí?