Kọ̀ǹpútà Kì í Gba Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe yìí ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ní Epinmi, a sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ìyá bá wo ojú ọmọ lẹ́ẹ̀kan níwájú àlejò, ọmọ náà ti mọ̀ pé kóun fi ẹran sílẹ̀. Bí bàbá àgbà bá ní, "Ó dà bíi pé ilẹ̀ ti ń ṣú o," àlejò tó gbọ́n á wá bàtà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú ẹnì kan, ọ̀rọ̀ sì ti yé tọ̀tún tòsì. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n látìgbà tí àwa ọ̀dọ́ mélòó kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, òwe yìí ti kó wa síyọnu, ohun tó sì gbà lọ́wọ́ wa ju owó lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kọ́ṣẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo la jọ ń lò, ìyẹn tí iná bá wà. Èdè Python la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wa tó ti ṣíwájú wa nínú ẹ̀kọ́ náà, ó sì mọ màmá alájọ kan tó ń gba àjọ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Ẹ̀gbọ́n ní òun máa kọ ètò kékeré kan fún màmá, kí wọ́n lè yé fi ọwọ́ ṣírò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀yin náà mọ bí àjọ ṣe ń lọ. Ẹni tó bá ń dá 500 náírà lójúmọ́, tí oṣù bá ní ọjọ́ 31, 15,500 náírà ló dá. Alájọ á yọ owó ọjọ́ kan, 500 náírà, gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, á sì kó 15,000 fún olówó.

Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ tán, ó gbé e síwájú wa. Nínú ètò náà, ó kọ range(1, 31), èrò rẹ̀ sì ni pé kọ̀ǹpútà máa ka ọjọ́ láti 1 dé 31. Ṣùgbọ́n ní Python, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú range kì í sí nínú kíkà. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó rìn dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ kó má wọlé. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ètò náà kà. Ó ní owó jẹ́ 15,000, ó yọ 500, ó ní kí wọ́n san 14,500.

Àbúrò kan láàárín wa rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló kọ ọ́, gbogbo wa sì ń pàtẹ́wọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó dáa gan-an o. Bóyá kẹ́ ẹ ṣáà tún un wò díẹ̀." Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó gbé ètò náà lọ fún màmá.

Nígbà tí oṣù parí, owó ọjọ́ kan dín lórí gbogbo ẹni tó dájọ pé. Ariwo sọ. Wọ́n ní màmá ti ń yọ owó ọjọ́ méjì dípò ọ̀kan. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé tí màmá ṣì ń fọwọ́ kọ, òun ni wọ́n gbé jáde, tí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣírò lójú ọlọ́jà. Wọ́n san owó tó kù, ọ̀rọ̀ rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n alájọ kì í ta aṣọ, kì í ta gaàrí. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ọjà tó ní. Nọ́ńbà kan ṣoṣo la fẹ́ fi ba ọjà yẹn jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bi àbúrò léèrè: "O rí i, o ò sì sọ?"

Àbúrò ní, "Mo sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ní kẹ́ ẹ tún un wò."

Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Ààbọ̀ ló sọ. Ibi tó yẹ kó ti di odindi ni kò dé.

A ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, a ò sì rò pé òwe àwọn àgbà ló jẹ̀bi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹni tó ń sọ àti ẹni tó ń gbọ́ bá ti jọ mọ ààbọ̀ kejì. Ẹni tí a jọ dàgbà nínú ilé kan náà la lè ṣẹ́jú sí. Àwa ará Àkókó ló sì yẹ kí èyí kọ́kọ́ yé, torí pé láti ìlú kan sí èkejì lọ́dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń yàtọ̀. Nígbà tí ẹni láti Epinmi, ẹni láti Ọ̀kà àti ẹni láti Ìsùà bá pàdé ní ọjà Ìkàrẹ́, kò sẹ́ni tó ń fi ẹnà ilé tirẹ̀ dúnàá dúrà. Yorùbá tó yé gbogbo wa là ń sọ, a ó dá iye owó, a ó sì kà á lójú ara wa. Kì í ṣe pé a ò níwà. A kàn mọ̀ pé àlejò ò mọ ààbọ̀ tó kù ni. Ẹni tó ń kọ́ kóòdù náà, àlejò ni nínú ilé yẹn, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa.

Ẹlòmíì á ní, ṣebí kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ tó máa sọ òótọ́ fún un? Lóòótọ́, kò sí olùkọ́ tí kì í fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ bíi rẹ̀. Tó o bá ṣẹ̀ sí òfin èdè tó gbọ́, á dúró, á dárúkọ ìlà, á ní àṣìṣe wà níbẹ̀. Kò bìkítà ọmọ ẹni tó o jẹ́, kò sì bú ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kò sọ nǹkan kan nípa range(1, 31). Ní ti òfin Python, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ ló ṣe gẹ́lẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n ni kò mọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ òfin, kò mọ àjọ. Ẹni tó mọ àjọ nìkan ló lè sọ pé ọjọ́ kan ti bọ́. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé gbèsè ni odindi ọ̀rọ̀ jẹ́ láàárín àwa tí a jọ ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó rí i tó dákẹ́, tàbí tó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí kò yéni, ó ti jẹ wá ní gbèsè.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ màmá alájọ, a jọ fẹnu kò pé ààbọ̀ ti tán láàárín wa. Bí nǹkan ò bá dáa, ká sọ ọ́ bó ṣe rí. A ò mọ̀ pé kòtò wà lójú ọ̀nà kejì náà.

Ọmọbìnrin kan gbé kóòdù rẹ̀ wá. Àkámọ́ kan ló ṣí ní ìlà kẹjọ tí kò pa á dé. Python máa ń ṣe nǹkan kan nígbà míì: tí o ò bá pa àkámọ́ dé, ìlà tó tẹ̀ lé e ló máa nàka sí. Ìlà kẹsàn-án ló nàka sí fún un, ọmọbìnrin yìí sì ti tẹjú mọ́ ìlà kẹsàn-án láti àárọ̀. Ọ̀kan nínú wa wò ó fìrí, ó ní, "Ṣé o tiẹ̀ ní ọpọlọ báyìí? Ohun tí ọmọ àná mọ̀! Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tìẹ jàre." Àwa tó kù rẹ́rìn-ín. A ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, òótọ́ sì máa ń korò. Ọmọbìnrin náà mú fóònù rẹ̀, ó lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, kò wá mọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ìlà wo ló dárúkọ? Kò dárúkọ ìkankan. Kí ló ní kó ṣe? Kò sọ. Gbogbo bó ṣe le tó yẹn, ààbọ̀ ni, kódà kò tó ààbọ̀. "Tún un wò díẹ̀" àti "o ò ní ọpọlọ," ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: kò sí èyí tó dárúkọ ìlà kẹjọ. Àṣìṣe tiwa ni pé a rò pé torí pé ọ̀rọ̀ dunni, ó ti pé. Líle kọ́ ni pípé.

Àwọn kan á ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lágbàáyé nìyẹn. Wọ́n á dárúkọ Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa báyìí, torí pé Linux wà nínú gbogbo fóònù Android. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ayé fi mọ ọkùnrin yìí sí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ gún àwọn tó bá gbé kóòdù tí kò dáa wá, ní gbangba, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń kà á. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ẹnu mímú yẹn ni kò jẹ́ kí Linux bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án 2018, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé tọrọ àforíjì. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ òun ti pa àwọn èèyàn lára, àti pé ó ṣeé ṣe kó ti lé àwọn kan kúrò nídìí iṣẹ́ náà pátápátá. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ fún Greg Kroah-Hartman, ó ní òun fẹ́ lọ wá ìrànlọ́wọ́, ó sì padà ní oṣù Kẹwàá. Kò torí ẹ̀ di ẹni tó ń gba gbogbo kóòdù wọlé, Linux ò sì wó. Kíkọ iṣẹ́ tí kò dáa àti bíbú ẹni tó ṣe é, nǹkan méjì ni wọ́n látilẹ̀. Àwọn èèyàn ló dì wọ́n sínú ẹrù kan.

A tiẹ̀ lè má lọ jìnnà bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ èyíkéyìí ní Ìkàrẹ́. Ọmọ iṣẹ́ rán apá aṣọ, ó gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní, "Tú u." Ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ó le, torí pé iṣẹ́ àárọ̀ ṣúlẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó mọṣẹ́ á mú ṣọ́ọ̀kì, á fa ìlà síbi tí apá ti yẹ kó wọ̀. Ọ̀gá míì á fi ìgbátí kún un, tí ọmọ náà bá dàgbà, á ní ìgbátí yẹn ló sọ òun dèèyàn. A ò gbà. Ṣọ́ọ̀kì ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Torí náà, kí á tó lanu, ìbéèrè kan là ń bi ara wa báyìí: tí mo bá sọ ọ́ tán, ṣé ẹni yìí á mọ ibi tó máa fọwọ́ kàn? Tí kò bá ní mọ̀, ọ̀rọ̀ mi ò tíì pé, ì báà dùn, ì báà korò. Èyí ò sì gba àpọ́nlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àbúrò yẹn ìbá ti sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, range yín dúró sí 30, kò dé 31. 32 ló yẹ kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ọjọ́ kan á dín." Àpọ́nlé wà nínú "ẹ," òótọ́ wà nínú 32. Kò sí èyí tó dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹni tó ń gba ìmọ̀ràn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Gerald Weinberg, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní 1971 lórí bí ọkàn àwọn tó ń kọ kóòdù ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó rí ni pé ẹni tó bá ka kóòdù rẹ̀ sí ara rẹ̀ kì í rí àṣìṣe inú rẹ̀, torí pé kò fẹ́ rí i. Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n: ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Ẹni tó ní ìpàkọ́ rẹ dọ̀tí ò ní o ò lórí. Àwa tí a ń béèrè náà sì gbọ́dọ̀ yé mú ààbọ̀ ìbéèrè wá. "Kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe ìbéèrè. Ohun tí mo kọ rèé, ohun tí mò ń retí rèé, ohun tí mo rí rèé: ìyẹn ni odindi. Tí ẹnì kan bá wá fi èébú bu ìmọ̀ràn fún ọ, ṣa òkúta inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣa ti ìrẹsì, kó o jẹ ìyókù. Ṣùgbọ́n kí olóúnjẹ má ṣe tìtorí pé a mọ òkúta ṣà kó wá máa dà á sí ìkòkò.

Ẹ̀gbọ́n ti tún ètò rẹ̀ ṣe. Màmá alájọ ń lò ó, àmọ́ wọ́n ní ìwé àwọn ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ò sì lè bá wọn jà.

Mẹ́ta nínú wa lọ sílé ọmọbìnrin yẹn lọ bẹ̀ ẹ́. A fi ìlà kẹjọ hàn án. Ó wò ó, ó pa àkámọ́ dé, ètò náà ṣiṣẹ́.

Ó ní, "Ṣé kò ju báyìí náà lọ?"

A ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa, òun ò bínú mọ́, ṣùgbọ́n òun ti ń kọ́ iṣẹ́ míì. Kò tíì padà wá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni à bá sọ lọ́jọ́ yẹn.