Ta Ni Yóò Wọn Òṣùwọ̀n?

Bí ènìyàn bá fi ìdánilójú sọ ohun tí kò dá a lójú, tí ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sí òótọ́, ǹjẹ́ a lè pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní olóòótọ́? Ìbéèrè àtijọ́ ni èyí láàrin àwọn ọlọ́gbọ́n ayé, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a rìn jìnnà kí a tó rí ibi tí a ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun kékeré kan wà lórí àtẹ àwọn tí ń ta wáyà àti gílóòbù, tí owó rẹ̀ kò ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ: èyí ni mítà tí a fi ń wọn agbára iná mànàmáná inú ilé. A ó ki ẹnu okùn rẹ̀ méjèèjì bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, yóò sì kọ iye kan jáde gedegbe, bí 230, láìṣe iyèméjì rárá. Ìwà ohun yìí jọ ìwà àwa ènìyàn púpọ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń wí. Irú mítà olówó pọ́ọ́kú kan wọ́pọ̀ gan-an tí a ń pè ní DT830. Nínú ìwé pélébé tí ó máa ń bá irú rẹ̀ wá, àwọn tí ó ṣe é kọ ọ́ pé bí a bá fi wọn iná ilé, ó lè fi 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ó kọ ṣìnà, kí ó sì tún fi 10 ṣìnà nínú nọ́ńbà tí ó gbẹ̀yìn. Ní ibi tí a ń yí i sí láti wọn iná ilé, fólítì kan ṣoṣo ni ẹyọ kan nínú nọ́ńbà ìkẹyìn yìí dúró fún. Ẹ wá jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá mú 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún lára 230, a ó rí 2.76, bí a bá fi 10 kún un, ó di fólítì 13 ó dín díẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mítà yìí bá kọ 230, ohun tí ó ń wí gan-an ni pé: "Láti 217 títí dé 243 ni ó wà, èmi kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Bí aládùúgbò méjì bá wọn iná kan náà, tí mítà ọ̀kan kọ 224, tí ti èkejì kọ 236, wọ́n lè jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ó má sì sí èyí tí ó purọ́ nínú mítà méjèèjì.

Àwọn kan yóò wí pé ohun tí a rà ní ọ̀pọ̀ kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ rántí kóńgò tí àwọn ìyá wa fi ń wọn gàrí lọ́jà. Bí kóńgò obìnrin kan bá kéré díẹ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀ nítorí bí wọ́n ti rọ ọ́, àṣìṣe lásán ni. Bí ó bá jẹ́ pé òkúta ni ó fi lu ìdí rẹ̀ wọnú kí gàrí má baà gba inú rẹ̀ tó bí ó ti yẹ, olè ni. Ìwọ̀n gàrí tí a pàdánù lè dọ́gba nínú méjèèjì, síbẹ̀ kò sí àgbà tí yóò dá wọn lẹ́jọ́ kan náà. Ohun tí ó yà wọ́n ni ìfarapamọ́. Mítà wa kò fi àléébù rẹ̀ pamọ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Àwa ni a ju ìwé náà nù pọ̀ mọ́ páálí, tí a sì ń gbé 230 kiri bí ẹni pé àṣẹ ọba ni. Ẹnu wa ni irọ́ gbà wọlé, kò gba inú ẹ̀rọ wọlé.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé, báwo ni òṣùwọ̀n ṣe gbọ́dọ̀ pé tó kí a tó gbà á gbọ́? Ìdáhùn mi ni pé ọwọ́ ìbéèrè tí a ń bi í ni ó wà. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Bìrìtéènì. Títí di ìparí ọdún 1994, fólítì 240 ni wọ́n ń pe iná ilé wọn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1995, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní 230, kí ó lè bá orúkọ ti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù yòókù mu, àwọn tí wọ́n ti ń pe tiwọn ní 220 tẹ́lẹ̀. Òfin tuntun náà gbà kí ó gòkè dé 253, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé 216. Orúkọ ni ó yí padà. Iná tí àwọn ènìyàn fi se tíì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ti àná. Ká ní mo ń gbé níbẹ̀, tí fíríìjì mi ń kùn tí kò sì tutù, tí mítà olówó pọ́ọ́kú sì kọ 165, ó ti dá mi lóhùn tán: ì báà fi fólítì 12 ṣìnà sókè tàbí sísàlẹ̀, iná náà ti relẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ 255, tí mo sì fẹ́ pe ilé iṣẹ́ tí ń pín iná lẹ́jọ́ pé wọ́n ré kọjá 253, mítà kan náà kò tó ẹlẹ́rìí mọ́. Mítà náà kò yí padà. Ìbéèrè mi ni ó ju agbára rẹ̀ lọ.

Àṣìṣe mìíràn wà tí kò sí nínú ìṣirò tí a ṣe lókè, òun ni ó sì burú jù. Iná tí ó ń ti orí òpó wá máa ń rọra gòkè, a sì máa rọra sọ̀ bí ìgbì omi, nígbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítà olówó pọ́ọ́kú kì í wọn agbára náà fúnra rẹ̀. Ìdajì-dọ́gba rẹ̀ ni ó ń wá, yóò sì sọ ọ́ di ìlọ́po 1.11, nítorí pé lórí ìgbì tí ó rí rẹ́gí, ìṣirò yìí a máa bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n iná tí ó ń jáde láti inú ọ̀pọ̀ ìnfátà olówó pọ́ọ́kú kì í rọra lọ. Fífò ni ó ń fò bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá ń fò dé 325, tí ó sì ń sinmi fún ìdajì àkókò, agbára rẹ̀ tòótọ́ jẹ́ 230, ṣùgbọ́n 180 ni mítà wa yóò kọ. Onílé yóò sì pe oníṣẹ́ lólè nítorí ìnfátà tí kò ní àléébù kankan. Mítà tí a kọ True RMS sí lára ni ó lè gba irú iná bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò bí ó ti rí gan-an. Èyí tiwa dà bí adájọ́ tí ó mọ irú ènìyàn kan ṣoṣo láyé, tí ó sì ń fi ìwà ẹni náà dá ẹjọ́ gbogbo ayé. Àwọn àgbà sì ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ǹjẹ́ ta ni yóò wá wọn òṣùwọ̀n? A ó fi mítà tí ó sàn jù ú lọ wọ̀n ọ́n, a ó sì fi òmíràn tí ó tún sàn ju ìyẹn lọ wọn ìyẹn. Ibo ni yóò parí sí? Edward Weston, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ṣe irú bátìrì kan ní 1893 tí agbára rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Ní 1911 àwọn orílẹ̀-èdè gbà á gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n fólítì. Ní 1962, Brian Josephson, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 22 ní Cambridge, fi ìṣirò ṣàwárí ọ̀nà tí ó dájú jù ú lọ, ọ̀nà náà sì ni àwọn ilé òṣùwọ̀n ayé ń lò láti 1990. Ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 2019, a wá so fólítì mọ́ àwọn iye ìṣẹ̀dá tí kì í yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: ní àwọn ilé òṣùwọ̀n wọ̀nyí gan-an, wọn kì í kọ iye kan sílẹ̀ láìkọ ìwọ̀n iyèméjì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ jù lọ ni ó ń jẹ́wọ́ jù lọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé àríyànjiyàn inú ìwé nìkan ni gbogbo èyí, kí ó ronú nípa iye kan tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́. Iye náà ni òdo. Bí okùn mítà bá ti já nínú, tàbí bí a bá yí i sí ibi tí a fi ń wọn bátìrì, yóò kọ òdo níwájú iná tí ó lè pa ènìyàn. Nítorí náà, oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a kọ́kọ́ fi mítà kan ibi tí ó dá a lójú pé iná wà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi kan ibi tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́. Yóò sì tún padà sí ibi àkọ́kọ́, kí ó lè mọ̀ pé ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò kú láàrin méjì. Lẹ́yìn èyí ni ó tó lè sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wà lórí àkàsọ̀ pé, "Kò sí iná níbẹ̀."

Ká wá sọ pé ọ̀gá mìíràn kò dán nǹkan kan wò, tí ó wí bẹ́ẹ̀, tí iná kò sì sí níbẹ̀ lóòótọ́, tí ọmọ náà sì sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Àwọn kan yóò ní níwọ̀n ìgbà tí ó ti yọrí sí rere, ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi kò gbà. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà bọ́ sí òótọ́, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe olóòótọ́, nítorí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó fi ta tẹ́tẹ́: ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ. Orí ọmọ náà ni ó gbà á, kì í ṣe ìmọ̀ ọ̀gá.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Òótọ́ kò pin sí kí ọ̀rọ̀ bá ohun tí ó wà mu. Ó tún jẹ́ kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé, kí ó sì sọ ọ́ fún ẹni tí yóò fi ara lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú mítà olówó pọ́ọ́kú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìtìjú nínú ìmọ̀ tí kò tíì pé, nítorí pẹ̀lú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rìn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ni àti àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́, bí a bá ti mú iye kan wá sáàrin àwùjọ, ẹ jẹ́ kí a mú ìwé pélébé rẹ̀ dání.