Ṣé Ẹni Tí Ó Ṣe Dáìsì Lè Bá Wa Ta Lúdò?

Ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí ń gbé Brigade níhìn-ín ní Kano, ó sì yẹ kí a gbé e kalẹ̀ níwájú gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa nínú ìwé ọdún yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ra Arduino, pátákó kékeré tí a lè kọ àṣẹ sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ìlú Ivrea ní Ítálì ní ọdún 2005. Ó ra wáyà àti iná wẹ́wẹ́ ní Beirut Road, ó sì ṣe ọpọ́n lúdò tí ń tàn. A kò mi dáìsì nínú ife mọ́. Bọ́tìnnì ni a ń tẹ̀, iye tí ó bá bọ́ sí èèyàn lọ́wọ́ yóò sì tàn. Gbogbo wa ni a yìn ín.

Nígbà tí ó yá, a rí i pé ó ń borí jù. Ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n fi ń ta á, ẹni tí ó bá pàdánù ni yóò rà á. Ìgbà tí àṣírí tú ni a tó mọ̀ pé bí ọpọ́n náà bá kú tí a sì tún tàn án, iye kan náà ni yóò máa tẹ̀ léra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. (Ẹ sì mọ bí iná mànàmáná ti ń lọ tó ní àdúgbò wa.) Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni Arduino ń ṣe; bí a kò bá fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó yàtọ̀, ibì kan náà ni yóò máa ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó há iye náà sórí, ó sì dákẹ́.

Àwọn kan ní olè ni, àwọn kan ní ọgbọ́n ni. Ìdáhùn tirẹ̀ nìyí: “Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú, n kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí ó bi mí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gba àròjinlẹ̀. Ẹ wo ayò wa: ihò 12, ọmọ ayò 48. Ọ̀ta mọ iye tí ó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, òpè kò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ a kì í pe ọ̀ta ní olè. Èrò tiwa ni pé ohun tí ọ̀ta mọ̀ wà nílẹ̀ gbalaja. Òpè ní ojú láti kà á. Òǹwòran pàápàá lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ bọ́tìnnì kò rí nǹkan kan kà. Ó gbà pé orí òun ni ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn ti mọ ohun tí orí rẹ̀ yóò mú wá. Ẹni tí ó bá sì ní kí a wá ta lúdò ti sọ fún wa, bí kò tilẹ̀ la ẹnu, pé ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí yóò bọ́.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbi tí owó ti pọ̀. Ní ọdún 1994, ní ilé tẹ́tẹ́ ìlú Montreal ní Kánádà, Daniel Corriveau mú nọ́ńbà 19 nínú 20 ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn, ó sì jẹ 620,000 dọ́là ti Kánádà. Àṣé ibì kan náà ni ẹ̀rọ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọn kò bá ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n san owó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Eddie Tipton ni olórí ètò ààbò kọ̀ǹpútà fún àjọ lọ́tìrì kan. Ó fi àṣẹ ìkọ̀kọ̀ sínú ẹ̀rọ tí ń mú nọ́ńbà, ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ní ọdún 2010 tí èrè rẹ̀ ju mílíọ̀nù 14 dọ́là lọ. Ní ọdún 2017, wọ́n dá a lẹ́bi ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 25. Ìta ni Corriveau wà, ohun tí gbogbo èèyàn lè wò ni ó wò. Inú ilé ni Tipton wà.

Ọmọ wa kò ṣe bí Tipton, a kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi í wé e. Ṣùgbọ́n inú ilé ni òun náà wà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ọpọ́n ti jáde. Àwa tí a ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọba mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè sọ pé wọn kò bi òun.

Ó ti ra ẹlẹ́rìndòdò padà fún gbogbo àwọn tí ó jẹ. Ó sì tún ọpọ́n náà ṣe. Alátakò ni ó ń tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́ báyìí. Àkókò tí ìka rẹ̀ kàn án, tí ẹ̀rọ ń fi ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kà, ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó lẹ àlàyé mọ́ ìdí ọpọ́n ní Yorùbá àti ní Haúsá, nítorí àwọn aládùúgbò wa náà ń wá ta á. Àwọn bàbá méjì kan ṣì ń mú ife àti dáìsì tiwọn lọ́wọ́ wá, a kò sì bá wọn wí.