Inú Ìkòkò Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ẹni tó pa òwe yìí mọ ìdí àdògán dáadáa. Ẹ̀yìn ìkòkò ni èéfín ń kùn. Inú rẹ̀, tí ọwọ́ ìyá ẹlẹ́kọ ń wọ̀ lójoojúmọ́, mọ́ tónítóní. Òdìkejì rẹ̀ ni mo ń rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pọn bíà nínú ilé: ìkòkò stainless wọn ń kọ mànà lẹ́yìn, inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́.

Iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ nílùú òyìnbó. Ní Britain, ọdún 1963 ni ìjọba mú ìwé àṣẹ kúrò lọ́rùn ẹni tó bá ń pọn bíà mu nílé ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó gbà wọ́n láyè. Garawa oníke ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá dẹ̀, wọ́n á ra ìkòkò àti àgbá stainless, owó ńlá sì ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n rò pé irú irin yẹn kò nílò ìtọ́jú mọ́.

Ó ń dípẹtà o. Ọdún 1913 ni Harry Brearley ṣe irú irin yìí ní Sheffield, ní England, nígbà tó ń wá irin tí iná ẹ̀tù kò ní tètè jẹ inú ọ̀pá ìbọn tí a fi ṣe. Chromium ni agbára rẹ̀. Èyí tí wọ́n sábà fi ń ṣe ohun èlò ìpọntí, tí wọ́n ń pè ní 304, ní chromium bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àti nickel bí ìdá 8. Chromium yìí á bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ para pọ̀, á di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú kò lè rí, tó bo irin náà látòkè délẹ̀. Bí nǹkan bá ha awọ náà, á tún ara rẹ̀ ṣe, bí irin bá ṣáà ti mọ́ tí afẹ́fẹ́ sì ń kàn án. Iṣẹ́ ẹni tó ni ìkòkò ni pé kó má ṣe dí i lọ́wọ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn tó ń fi kànìnkànìn onírin ha inú ìkòkò ń fi ẹ̀rún irin lásán sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rún yẹn ló sì máa ń dípẹtà. Háípò tí a fi ń fọ aṣọ funfun tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá rẹ àgbá sínú rẹ̀ mọ́jú, á dá ihò wínníwínní sí awọ náà lára, ihò ọ̀hún á sì máa jìn lọ sísàlẹ̀. Háípò tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ lè mú kí bíà máa ta òórùn báńdéèjì. Kí ẹnikẹ́ni má sì da háípò pọ̀ mọ́ ásíìdì láé: èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn.

Sodium percarbonate, oògùn ìfọǹkan tó rí bí iyọ̀, ni kí ẹ pò mọ́ omi gbígbóná tó tó 60°C. Ẹ jẹ́ kó rẹ ìdọ̀tí náà fúnra rẹ̀, kí ẹ wá fi kànìnkànìn rírọ̀ nù ún. Ẹ ṣan án dáadáa, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ láìdé e pa, kó gbẹ.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọjọ́ tí ọtí bá kúrò nínú àgbá ni ọjọ́ ìfọ̀ rẹ̀, kí ìfófòó tó gbẹ mọ́ ọn lára. Ẹ mú àgbá tí wọ́n ti ń fi ìfọ̀ rẹ̀ falẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Níbi tí ojú ọtí máa ń dé, ẹ ó rí ìlà kan tó ṣú, tí kò dán bíi tòkè rẹ̀. Ẹ fi èékánná fà á, ẹ ó rí i pé ó ń ha. Òkúta bíà nìyẹn: kálísíọ́ọ̀mù inú omi àti ásíìdì ọ́sálíìkì inú ọkà ló para pọ̀ dà á, abẹ́ rẹ̀ sì ni kòkòrò àìfojúrí ń sá sí. Ọṣẹ lásán kò ràn án. Ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì tí a là dáadáa ló ń tú u. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Fáàfù ìsàlẹ̀ àgbá ni mo ń bá wí. Bọ́ọ̀lù kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí. Nígbàkígbà tí a bá ṣí i tí a tì í, omi ọkà díẹ̀ á há sẹ́yìn bọ́ọ̀lù náà, níbi tí omi ìṣanǹkan kò lè dé. Ẹ fi sípánà tú u, kí ẹ yọ wọ́ṣà rẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń kan, ẹ ti mọ ohun tó ba ọtí tó kọjá jẹ́.

Ẹlòmíràn kò ní tú fáàfù, oògùn apakòkòrò ni yóò ṣáà máa dà sí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá. Star San tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò, 30 ml nínú omi lítà 19, ń ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú bíi méjì, ṣùgbọ́n ibi tó bá kàn nìkan ló ń ràn. Kì í la ìdọ̀tí kọjá. Ìkòkò tí a fi ń se omi ọkà kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, nítorí ìhó omi á pa kòkòrò. Ohun tó bá máa kan ọtí lẹ́yìn tó bá ti tutù ni kí ẹ lò ó fún.

Nínú ìkòkò amọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ohun tó mu wọ ara ìkòkò lè ran ọtí tuntun lọ́wọ́ láti hó. Irin stainless kò ní irú inú bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kù nínú rẹ̀ ìdọ̀tí ni.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń pọn bíà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, kí ẹ tó gbé ọkà kaná lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ tú fáàfù yẹn.