Àánú Tó Ń Dá Aláìsàn Dùbúlẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa nígbà tí àìsàn ńlá bá wọ ilé. Bí a bá fẹ́ràn ẹnì kan, tí ara rẹ̀ kò sì yá, ṣé ohun tí ìfẹ́ ń béèrè ni pé kí á gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? “Màmá, ẹ jókòó. Ẹ má fọwọ́ kan abọ́ yẹn. Kí ni iṣẹ́ àwa ọmọ yín?” Ọ̀rọ̀ ọmọ tó mọ ìtọ́jú òbí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní ṣàdúrà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ ni màmá ń bá fínra, ó yẹ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa.

Àwọn dókítà pàápàá ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún, tí wọ́n sì yọ àwọn kókó inú abíyá rẹ̀, wọ́n á ní kó má gbé ohun tó wúwo mọ́, kó má fi apá náà ṣiṣẹ́ agbára, kí apá má baà wú. Kì í ṣe ìkà ló mú wọn sọ ọ́, ẹ̀rù ni. Ní ọdún 1996, ní ìlú Vancouver ní orílẹ̀-èdè Kánádà, dókítà kan tó ń jẹ́ Don McKenzie kó obìnrin 24 tí wọ́n ti ní jẹjẹrẹ ọmú jọ, ó fi eré ìdárayá mú wọn lára le díẹ̀díẹ̀, ó sì kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi gígùn tí àwọn ará Ṣáínà fi ń díje. Àjẹ̀ wíwà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, ẹni tó bá dàgbà sẹ́bàá ọ̀sà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Apá tí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò wú kò wú.

Ní ọdún 2009, Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí tiwọn jáde lórí obìnrin 141 tí apá tiwọn tilẹ̀ ti wú tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn máa gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti orí èyí tó fúyẹ́ lọ, kí àwọn yòókù má ṣe é. Lẹ́yìn ọdún kan, apá àwọn tó ń gbé irin kò wú ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tí wàhálà apá náà tún le sí jẹ́ 14 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó ń gbé irin, ṣùgbọ́n 29 ni láàárín àwọn tí kò gbé e. Irin tí wọ́n ti ń lé wọn kúrò nídìí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn o!

Èyí tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jù ni ti ọdún 2025. Aláìsàn 889 ni, púpọ̀ nínú wọn ní Kánádà àti Ọsirélíà, tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, tí wọ́n sì ti gba oògùn jẹjẹrẹ parí. Wọ́n fún apá kan ní ìwé pélébé tó sọ àǹfààní eré ìdárayá. Apá kejì gba ìwé náà, wọ́n sì tún yan olùkọ́ tì wọ́n fún ọdún mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ń fi kún ìṣe wọn kò ju bíi kéèyàn máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 45 sí 60, ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Nígbà tí ọdún mẹ́jọ yóò fi pé, nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní olùkọ́ ló wà láàyè. Ti àwọn oníwèé jẹ́ 83.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: ìmọ̀ràn kan náà ni àwọn méjèèjì gbà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àwọn kan rí ẹni bá wọn rìn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ àjùmọ̀ṣe ti wọlé. Oníṣẹ́ abẹ mọ ọ̀bẹ, olóògùn mọ oògùn, nọ́ọ̀sì mọ bí aláìsàn ṣe sùn, àwọn físíò mọ iṣan àti oríkèé. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ eegun, tí físíò kò sì gbọ́, eré tó yẹ kó ṣe aláìsàn lóore lè ṣẹ́ ẹ léegun. Ní agbègbè Glasgow, láti ọdún 1995, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo àwọn wọ̀nyí jọ sídìí tábìlì kan lórí obìnrin kọ̀ọ̀kan tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Ìwádìí tó jáde ní 2012 lórí obìnrin 13,722 fi hàn pé ikú dín ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀ ju ti àwọn agbègbè tó múlé tì í lọ. Nílé tiwa ńkọ́? Dókítà ń fún màmá ní tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń gbé àgbo wá láti abúlé, àbúrò ra kóró kan lọ́jà, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí ẹnì kejì fún un lò. Àgbo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, dókítà kò gbọ́.

Ẹ̀sìn wa kò ṣàì fi ọ̀nà hàn wá lórí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ẹni tí kò bá lè kírun lóròó, kó jókòó kí i. Bí kò bá lè jókòó, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. A kò yọ aláìsàn kúrò láàárín àwọn akírun, a kò sì ní kó fi agídí dìde. Ìpín rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀; a kàn gé e bá agbára rẹ̀ mu ni. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kí àánú rí nìyẹn. Ẹni tó gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ aláìsàn ti fẹ́ràn rẹ̀ títí tó fi sọ ọ́ di ẹrù.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á ti inú àṣìṣe kan bọ́ sínú òmíràn. Nínú àwọn tó rìn, àwọn kan kú. Nínú àwọn tí kò ní olùkọ́, ọ̀pọ̀ ló yè. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí aláìsàn kó máa sọ pé ọ̀lẹ ló pa á. Iṣan ríro àti ìfarapa pàápàá pọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣeré ìdárayá ju àwọn yòókù lọ. Kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn 889 náà tó fi ìrìn rọ́pò iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá tìtorí ohun tí a kọ yìí sá fún ọsibítù kò kà á dópin.

Kí ẹni tó bá ń tẹ̀ lé aláìsàn lọ sí ọsibítù kọ́kọ́ bi aláìsàn fúnra rẹ̀ léèrè ohun tó wù ú láti tún lè ṣe: ṣé kó rìn dé mọ́ṣáláṣí ni, àbí kó da ọbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó wá bi dókítà bóyá àrùn náà ti wọ eegun, bí ẹ̀jẹ̀ ara ṣe pọ̀ tó, ibi tí ìrìn lè mọ, àti ẹni tí yóò máa mójú tó o. Kó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, kó kọ orúkọ àgbo náà síbẹ̀ pẹ̀lú, kó sì fi ìwé náà han gbogbo wọn.