Ìbéèrè Tí Oṣù Kan Láìjẹ Ẹran Lè Dáhùn

Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Jane Land àti Matthew Glover dá ètò kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n pè ní Veganuary, tí ó ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi gbogbo oṣù àkọ́kọ́ nínú ọdún yẹra fún ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, wàràkàṣì àti oyin, kí ó sì jẹ́ kìkì ohun tí ilẹ̀ hù jáde ni wọn yóò máa jẹ. Nígbà tí ó fi di ọdún 2021, àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún un káàkiri àgbáyé ti ju 500,000 lọ. Àtakò kan wà tí àwọn onírònú máa ń gbé dìde sí irú oṣù bẹ́ẹ̀, àtakò náà kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: bí pípa ẹran jẹ bá jẹ́ ìwà ibi, oṣù kan kò tó, nítorí kò sí ẹni tí í fi oṣù kan sinmi olè jíjà kí ó tó padà sídìí rẹ̀, kí àwọn ènìyàn sì máa yìn ín, bí kò bá sì jẹ́ ìwà ibi, kò sí ìdí tí ènìyàn yóò fi fi ohun tí kò lẹ́bi du ara rẹ̀. Lójú àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ báyìí, ibi yòówù tí a bá gbà, oṣù náà kò ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni irú oṣù bẹ́ẹ̀ ń dáhùn, ìyẹn ìbéèrè bóyá ó dára tàbí kò dára láti jẹ ẹran, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè mìíràn wà tí ó ṣáájú rẹ̀, tí a kò sì lè gbójú fò ó.

Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Vegan Society sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1944, tí wọ́n sì fún ara wọn ní orúkọ vegan, èyí tí í ṣe ẹni tí kì í jẹ ohunkóhun tí ó ti ara ẹranko wá. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò jẹ ẹran ṣùgbọ́n tí wọ́n ń mu wàrà tí wọ́n sì ń jẹ ẹyin ni pé wọ́n rí i pé wàrà àti ẹran kò jìnnà síra: màlúù tí a bá fẹ́ fún wàrà rẹ̀ tà ní láti kọ́kọ́ bímọ, ọmọ náà ni a óò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí wàrà bá sì dín lára òun fúnra rẹ̀, ọwọ́ alápatà ni yóò bọ́ sí. Ìtumọ̀ tí ẹgbẹ́ náà ń fún ìgbàgbọ́ wọn lónìí ni pé ó jẹ́ ọ̀nà ìgbé-ayé tí ènìyàn fi ń sá fún fífi ìyà jẹ ẹranko àti lílò ó ní ìlòkulò, ìbáà ṣe nítorí oúnjẹ, nítorí aṣọ tàbí nítorí ohun mìíràn, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe fún ẹni náà tó. Àṣekún ìkẹyìn yìí ni àwọn alátakò ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ oṣù kan dúró sí. Òfin tí ó bá sọ pé kí ènìyàn ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká kò lè di ẹrù lé ẹnikẹ́ni lórí títí ẹni náà yóò fi mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kò sì sí bí ó ti lè mọ̀ ọ́n nípa ìjókòó àti ìrònú nìkan. Ẹni tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan rí láìsí ẹja nínú ọbẹ̀ yóò sọ pé kò ṣeé ṣe, kì í sì í ṣe irọ́ ni ó ń pa, nítorí ìwọ̀n ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ìgbìyànjú fún ìgbà díẹ̀ fi ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìwà, nítorí ó ń sọ fún ènìyàn ohun tí ó lè ṣe, kí a tó bi í ní ohun tí ó yẹ kí ó ṣe.

Nínú Bíbélì, orí kìíní ìwé Dáníẹ́lì sọ̀rọ̀ nípa irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀, àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá sì mọ ìtàn náà dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ìjọ ni wọ́n ń gba ohun tí wọ́n ń pè ní àwẹ̀ Dáníẹ́lì, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta inú orí kẹwàá ìwé kan náà ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Ní orí kìíní, ọba Bábílónì pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ wá láti Júdà ní oúnjẹ àti wáìnì láti orí tábìlì òun, Dáníẹ́lì sì bẹ ẹni tí ń tọ́jú wọn pé kí ó fi ohun ọ̀gbìn àti omi nìkan dán wọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ó sì wo ojú wọn lẹ́yìn náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníwàásù ń kánjú kọjá lórí rẹ̀ ni pé Dáníẹ́lì ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́wàá náà tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òun ni a ń dán wò láti mọ̀ bóyá ìpinnu rẹ̀ tọ̀nà. Ẹ̀rù àwọn ìjòyè ọba ni a ń dán wò, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá rù, ọba yóò bẹ́ orí ẹni tí ó fi wọ́n sí ìkáwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé tí ojú wọn sì dán ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ̀rù náà ni ó pòórá. Bóyá oúnjẹ ọba sọ ènìyàn di aláìmọ́ tàbí kò sọ ọ́ di aláìmọ́, ọjọ́ mẹ́wàá kò sọ ohun kan nípa rẹ̀, kò sì sí bí ìba ti lè sọ ọ́.

Ohun tí oṣù kan láìjẹ ẹran lè yanjú kò ju èyí náà lọ, kò sì kéré. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹni tí ó ní òun kò lè ronú nípa ìyà ẹranko kò tíì dé ibi ìrònú rárá, ẹ̀rù àìlera, ẹ̀rù ebi àti ẹ̀rù ohun tí ará ilé yóò wí ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Díẹ̀ nínú ẹ̀rù náà ní ìdí. Fítámì B12, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tí ó sì fi ń tọ́jú iṣan ìmọ̀lára, kò sí nínú ohun ọ̀gbìn ní ìwọ̀n tí ènìyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ọdún 1948 ni àwọn onímọ̀ tó yọ ọ́ sọ́tọ̀, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Watson dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn vegan àkọ́kọ́ kò mọ ohun tí kò sí nínú oúnjẹ wọn. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa ń tọ́jú B12 pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà oṣù kan kì í sábà pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ di ìṣe ayé rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lo oògùn rẹ̀ tàbí oúnjẹ tí a fi kún. Ẹni tí ó bá pa èyí mọ́ fún ẹni tí ó ń pè sí ọ̀nà náà ti ṣe àìdára, bí ó ti wù kí ìfẹ́ rẹ̀ sí ẹranko pọ̀ tó.

Ṣé bí ẹ̀rù bá ti lọ, ìbéèrè nípa ẹranko yóò wá fúnra rẹ̀? Ìtàn Etiópíà kò jẹ́ kí a dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ náà, oúnjẹ tí kò ní ohun ẹranko nínú kì í ṣe ìdánwò ẹnì kan, ìṣe gbogbo ìlú ni. Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Tewahedo, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹrin nígbà tí Ezana ọba Aksum di Kristẹni, ní ọmọ ìjọ tí ó ju mílíọ̀nù 30 lọ, tsom ni wọ́n sì ń pe àwẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ tsom, onígbàgbọ́ kì í jẹ ẹran, ẹyin, wàrà tàbí bọ́tà, ọ̀pọ̀ kì í sì í jẹ ẹja. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ohunkóhun kan ẹnu rẹ̀ rárá títí ọ̀sán yóò fi pọ́n. Gbogbo ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọjọ́ àwẹ̀, àfi ní àádọ́ta ọjọ́ tí ó tẹ̀lé Àjíǹde. Àwẹ̀ ńlá tí ó ṣáájú Àjíǹde, tí wọ́n ń pè ní Abiy Tsom, jẹ́ ọjọ́ 55: ọjọ́ 8 ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 40 tí wọ́n fi ń rántí àwẹ̀ Jésù ní aginjù, àti ọjọ́ 7 ọ̀sẹ̀ ìjìyà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwẹ̀ àwọn àpọ́sítélì, àwẹ̀ Filseta tí wọ́n ń gbà ní oṣù kẹjọ nítorí Màríà, àwẹ̀ àwọn wòlíì ṣáájú Kérésìmesì, àti ọjọ́ 3 ti Ninefe. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 180 lọ́dún fún ọmọ ìjọ, ó sì tó 250 fún àwọn àlùfáà àti àwọn tí ń gbé ilé àwọn mọ́ńkì. Ní àkókò Abiy Tsom, ọ̀pọ̀ alápatà a ti ìsọ̀ wọn, àwọn ilé oúnjẹ a sì máa ta injera, ìyẹn oúnjẹ pẹlẹbẹ fífẹ̀ tí ó kan díẹ̀ lẹ́nu, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ọkà teff ṣe, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní shiro, ọbẹ̀ ẹ̀wà lẹ́ńtìlì aláta tí wọ́n ń pè ní misir, àti ẹ̀fọ́ tí a fi òróró sè. Àwọn ọmọ kékeré àti aláìsàn kò sí lábẹ́ òfin náà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ń fi màlúù túlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bi irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ bóyá ènìyàn lè lo oṣù kan láìjẹ ẹran kí ó sì ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, ní òru Àjíǹde, nígbà tí ìsìn bá parí tí àkùkọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ, doro wot ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń ṣí àwẹ̀ náà, ìyẹn ọbẹ̀ adìyẹ aláta tí ó ní ẹyin nínú, a ó sì pa àgùntàn nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Kò sí àgàbàgebè nínú èyí. Fetha Nagast, ìwé òfin tí ìjọ náà ti ń lò láti ayébáyé, ṣàlàyé àwẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìfàsẹ́yìn kúrò nídìí oúnjẹ ní àkókò tí òfin yàn, kí ènìyàn lè rí ìdáríjì gbà, kí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara sì lè rọlẹ̀, kí ara lè tẹríba fún ọkàn. Ẹran kò lẹ́bi nínú àlàyé yìí. Nítorí pé ó dára ni a fi lè fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Níbi yìí ni tsom ti yàtọ̀ sí èèwọ̀ bí àwọn Yorùbá ti mọ̀ ọ́n, nítorí olùsìn Ọbàtálá tí kì í fẹnu kan ẹmu kò ní ọjọ́ tí èèwọ̀ náà yóò parí, ẹni tí ó jẹ́ ni èèwọ̀ náà ń sọ, kì í ṣe ohun tí ó fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Basil ti Kesaríà, bíṣọ́ọ̀bù ọ̀rúndún kẹrin, kọ́ni pé inú ọgbà Édẹ́nì ni àwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìwé Jẹ́nẹ́sísì pàápàá sì fi ohun ọ̀gbìn nìkan fún ènìyàn ní orí kìíní, kò sì fún un láyè láti jẹ ẹran àfi lẹ́yìn ìkún omi ní orí kẹsàn-án. Ohun tí ó wà nínú ìtàn yìí fún ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè nípa ẹranko pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ìjọ náà kò fi àwẹ̀ rẹ̀ béèrè é. Ọkàn ẹni tí ń gbààwẹ̀ ni àwẹ̀ náà dojú kọ, kì í ṣe àgùntàn.

Àwọn tí wọ́n béèrè é ni Jeremy Bentham, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kọ ọ́ ní ọdún 1789 pé ohun tí ó yẹ kí a wádìí nípa ẹranko ni bóyá ó lè jẹ̀rora, kì í ṣe bóyá ó lè ronú tàbí sọ̀rọ̀, àti Peter Singer, ọmọ Ọsirélíà tí ó mú ọ̀rọ̀ náà gbòòrò nínú ìwé rẹ̀ Animal Liberation ní ọdún 1975. Ìbéèrè náà kò ṣeé sá fún, pàápàá ní àkókò yìí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ adìyẹ ń gbé inú àgò tí wọn kò ti lè na ìyẹ́ wọn, èyí tí àgùntàn àgbẹ̀ Etiópíà kò mọ̀. Níbi yìí, oṣù kan àwọn vegan ní ohun kan tí ọjọ́ 180 kò ní, nítorí ẹni tí ó ń ṣe é mọ̀ pé ẹ̀dá kan wà tí òun ń ṣe é nítorí rẹ̀. Ohun tí ó sì ń ṣaláìní ni ẹni tí yóò bá a gbé e. Bí ọmọ ìjọ Etiópíà bá ṣẹ̀ sí àwẹ̀, ó ní àlùfáà tí wọ́n ń pè ní yenefs abat, ìyẹn bàbá ọkàn rẹ̀, tí yóò jẹ́wọ́ fún, tí yóò sì sọ ohun tí ó kù fún un láti ṣe. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ẹni tí ó parí oṣù rẹ̀ láìní ìjọ kan lẹ́yìn dá wà pẹ̀lú ìdáhùn yòówù tí ó bá rí, àti pẹ̀lú ìyókù ìbéèrè náà.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Porphyry, onímọ̀ ọgbọ́n orí, kọ̀wé sí ní ọ̀rúndún kẹta. Firmus Castricius, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ Plotinus ní Róòmù, ti fi ẹran sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó tó tún padà sí i. Ìwé mẹ́rin ni Porphyry kọ sí i lórí ìdí tí kò fi yẹ láti pa ẹranko jẹ, nínú rẹ̀ ni ó sì ti sọ gbangba pé òun kò bá àwọn ọmọ ogun, àwọn eléré ìdárayá àti àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ wí, bí kò ṣe ẹni tí ó ti ń wádìí ẹni tí òun jẹ́ àti ibi tí òun ń lọ. Kò sọ pé ìgbà tí Firmus fi yẹra fún ẹran ti ṣòfò. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gbé àwọn ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè fi padà sídìí ẹran kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dá wọn lóhùn, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń bá ẹni tí ó ti mọ ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀.